“Ọmọ Yín Ńkọ́, Ṣé Ó Ti Wọ Yunifásítì?”: Ìbéèrè Tó Ń Dúró Dè Wá Nílé Lọ́dọọdún

A mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Bí ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, ẹni tó ń ta ìrẹsì kì í ráyè jẹun, ẹni tó ń ta ata kì í rí àyè fìdí lé àpótí, àwọn tó ń ta aṣọ ọmọdé sì ń fi tọ́ọ̀ṣì ka owó lálẹ́. Síbẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 oṣù December, a ó pa àtẹ mọ́, a ó di ẹrù, a ó kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, ó di ilé: Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Oǹdó, Ìgbómìnà. Àwọn Mùsùlùmí inú wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà Iléyá. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ní tiwọn kì í fi Ojúde Ọba ṣeré ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn régbérégbé bá wọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí gbogbo ẹbí sì pé sílé.

Owó adìyẹ kọ́ ló ń já ọ̀pọ̀ wa láyà nínú ìrìn-àjò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adìyẹ pàápàá ti di ohun tí à ń fi ojú wò láti òkèèrè. Ìbéèrè kan ni. A ò tíì gbé àpò kalẹ̀ tán, a ò tíì bu omi mu, ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn ọmọ yóò ti gbá ọmọ wa léjìká: “Ìwọ rè é, o ti ga tó báyìí? Yunifásítì wo lo wà? Kí lò ń kà?” Ọmọ á wo ìyá. Ìyá á wo ilẹ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó sí pálọ̀ á sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ìdáhùn.

Nígbà tí a dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàrin ara wa, a rò pé yóò tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò tán. Ìyá kan ní òun ti ní ọdún méjì tí òun kò délé ọkọ lọ́dún Kérésì, pé iṣẹ́ ni òun máa ń fi ṣe àwáwí, ìbéèrè yìí gan-an ni òun ń sá fún. Òmíràn ní ọmọ òun ló sọ pé òun kò bá wọn lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìwé wa ti oṣù yìí.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń sọ pé kí ni ó kan àwọn ará ilé, pé kí olúkúlùkù máa wo bọ́bọ̀ tirẹ̀. Àwa ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Bàbá àgbà tó ń béèrè yẹn lè jẹ́ ẹni tó san owó WAEC nígbà tí ọjà wa jóná. Ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn ló gbé ọmọ náà pọ̀n nígbà tí à ń jí lọ sí ọjà ní agogo mẹ́rin ìdájí. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ọmọ wọn dé. Ẹni tí a kò béèrè ọmọ rẹ̀ rárá, ṣé inú ẹ̀ á dùn ni?

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń béèrè kọ́ ló ń béèrè ohun kan náà, a sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ nítorí iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ní ìsọ̀ wa, ẹnìkan á béèrè iye ọjà nítorí pé ó fẹ́ rà á. Ẹlòmíràn á béèrè kí ó lè fi wé ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀kẹta ń kọjá lọ ni, ẹnu rẹ̀ ló yún un. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa kí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa dá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ ẹni tó fẹ́ rà nìkan ni à ń sọ iye tí a máa gbà gan-an fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọmọ ní pálọ̀ ẹbí.

Kí ìyá mọ ohun tó ń sọ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú wa ló dúró ní ìwé mẹ́fà. Ọmọ ló ń lọ kún fọ́ọ̀mù ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà, tiwa ni kí a tú owó láti ìdí aṣọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá wá béèrè, ohun tó bá wá sẹ́nu la máa sọ, ọmọ á sì fi ojú bò ó nítorí pé a ti ṣì í sọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ pe ọmọ jókòó, kí ó ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé fún yín. Àwa náà ti ṣe ìwádìí díẹ̀ kí á lè ràn yín lọ́wọ́.

JAMB tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ yìí, ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1978. Kì í ṣe òun ló ń tà ọjà. Ẹ wò ó bíi nọ́ńbà tí wọ́n máa ń pín fún àwọn oníbàárà kí wọ́n tó tò sí ìlà: ẹni tí kò gbà á kò lè tò, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò tíì rí ọjà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe nínú ìdánwò náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà níbẹ̀ dandan. Máàkì gbogbo rẹ̀ jẹ́ 400. Èsì rẹ̀ kò sì kọjá ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ọdún bá yí, nọ́ńbà tuntun ni.

Àná ìyàwó kan sọ fún ọ̀kan nínú wa pé, “Máàkì 190 péré? Ọmọ yín ò kàwé rárá ni.” Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ń lọ. Ní ọdún 2025, àwọn tó ṣe ìdánwò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Àwọn tí kò dé 200 nínú wọn lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Nínú ọmọ mẹ́rin tó jókòó sí ìdánwò, ó lé ní mẹ́ta tí kò dé 200. Ní ọdún náà, 150 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì, 100 sì ni fún àwọn pólì àti ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni. Lóòótọ́, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbé tirẹ̀ ga sí i, ẹni tó bá sì fẹ́ di dókítà ní láti gà fíofío. Ṣùgbọ́n 190 kì í ṣe ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú ti 2025 yẹn tí kò yẹ kí ìyá kankan gbàgbé. Àwọn ọmọ ń sọ nígbà náà pé èsì yìí kì í ṣe tàwọn, àwọn òbí ò gbà wọ́n gbọ́. Ní May 14, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn, ó sì sunkún níbẹ̀. Àwọn ọmọ 379,997 ní ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò ni ọ̀rọ̀ náà kàn, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Ẹ ronú sí ilé mélòó tí wọ́n ti bú ọmọ bíi ẹran kí ọjọ́ yẹn tó pé. Àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e ní ọ̀sẹ̀ kan náà pé ọmọbìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Èkó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tó rí máàkì rẹ̀. A ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àwàdà la ń sọ nínú ìwé yìí, kí ó padà ka ìlà tó ṣáájú.

Lẹ́yìn JAMB, iṣẹ́ ṣì kù. Láti ọdún 2005 ni àwọn yunifásítì ti ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní post-UTME. Wọ́n á tún wo WAEC tàbí NECO: kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, orúkọ á máa jáde ní ìpele-ìpele, lórí CAPS, ìyẹn ìkànnì tí JAMB ti ń lò láti 2017. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ lọ sọ pé òun gbà. Ní ilé-ìwé púpọ̀, oṣù December lè dé kí orúkọ má tíì jáde tán. Nítorí náà, ìyá tó bá ní “a ṣì ń retí” ní ọjọ́ Kérésì kò pa irọ́. Ti Iléyá tilẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. June 6 ni Iléyá bọ́ sí ní 2025, àwọn ọmọ ò tíì parí WAEC, ẹnìkan sì ti ń béèrè yunifásítì tí wọ́n wà. Ẹ̀ ń kọ ebè lọ́wọ́, ẹnìkan ń béèrè àgbàdo sísun lọ́wọ́ yín.

Àdéhùn ìyá àti ọmọ

Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, òun ni a sì máa ń fò. Kí ẹ tó délé, ẹ bá ọmọ ṣe àdéhùn ohun tí ẹ máa sọ àti ohun tí ẹ ò ní sọ. Ta ló máa dáhùn, ìyá ni àbí ọmọ? Ṣé a máa sọ máàkì? Ṣé a máa sọ iye ìgbà tó ti ṣe é? Tí ọmọ bá ní kí ẹ má sọ máàkì òun, ẹ má sọ ọ́. Òun ló ni ín.

Ìyá kan nílà aláta sọ ti ọmọbìnrin rẹ̀ fún wa. Nígbà Kérésì, níwájú gbogbo ẹbí, ìyá fi ẹ̀rín sọ pé, “Ẹ bá mi bi í o, ìgbà kẹta rè é tó ń ṣe é.” Ó rò pé òun ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, kí àwọn èèyàn má baà rò pé ó ń dun òun. Ọmọ náà bọ́ sí kíṣìnì, kò jáde mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dúró ti àwọn tó ń dáná, ó ń gé àlùbọ́sà, gbogbo ẹni tó bá rí omi lójú rẹ̀ rò pé àlùbọ́sà ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní òun máa dúró tọ́jú ilé. Ìyá náà ní, “Èmi nìkan ni mo jẹ Kérésì yẹn, mi ò gbádùn ẹ̀.”

Ti ẹnì kejì yàtọ̀. Òun purọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ béèrè, ó ní ọmọ ti wọlé, pé Law ló ń kà. Inú ẹ̀gbọ́n dùn, ó na ọwọ́ sí àpò, ó kó owó fún ọmọ pé kí ó fi ra ìwé. Ní Ọjọ́ Àjíǹde, ó tún ra báàgì. Lẹ́yìn ìyẹn ló pè pé òun ń bọ̀ wá wo ọmọ ní ilé-ìwé, kí wọ́n sọ orúkọ ibi tó ń gbé fún òun. Ẹ lè fojú inú wo bí ó ṣe parí. Àwọn ará ilé dárí ji ìyá, torí ìyá ni. Ọmọ tí kò purọ́ kankan ni wọ́n ń pè ní “Lọ́yà” títí di òní olónìí.

Ohun tí a lè sọ

Ẹni tó ń kọjá lọ, tí ó kàn béèrè, kò nílò ìtàn gígùn. Kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí ó wò ó lójú, kí ó ní: “Ẹ ṣeun sà, a ti ṣe ìdánwò, à ń retí wọn ni. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i.” Ọ̀rọ̀ àdúrà yìí lágbára lọ́dọ̀ tiwa. Àgbàlagbà Yorùbá tí a bá ní kó gbàdúrà, kò ní rántí ìbéèrè mọ́. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn baba ńlá, á gba ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó wà lókè òkun, kí ó sì tó ṣe àmín, wọ́n ti gbé iyán dé.

Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ńkọ́? Ẹ má fi àdúrà lé òun lọ. Ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe ní pálọ̀, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí: “Ẹ̀gbọ́n, 178 ló gbà, Ìṣirò rẹ̀ nínú WAEC kò sì dára. Ó fẹ́ tún Ìṣirò náà ṣe nínú GCE. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ àfikún la ń wá.” Ìrú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ohun tí a fi pamọ́ fún un. Ẹ má sì dá ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí ọmọ kò sí níbẹ̀. Ẹ pè é mọ́ra.

Ó kù ẹni tó ń fi wé. “Ọmọ àbúrò rẹ ti wà ní ọdún kẹta, Medicine ló ń kà, ìwọ ńkọ́?” Lójú tiwa, kò sí ìdáhùn tó dára ju kí a bá wọn yọ̀ lọ. “A dúpẹ́ fún un mà. Ó ṣe wá lóore, tiwa náà á dé.” Ẹ má dá ẹjọ́ ọmọ yín rò, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù ọmọ tọ̀hún. Bí ó bá tún tẹ̀ síwájú, ìyá lè fi ẹ̀rín dá sí i pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ó jẹun ná, oúnjẹ ọdún ń tutù.” Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ta ló máa bá a jà?

Àwọn kan á tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti wọlé pé, “Ṣé o ò tíì parí ni? Ọdún mẹ́rin kọ́ ni wọ́n ní?” Ẹ rán wọn létí. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù March di oṣù December ọdún 2020. Wọ́n tún dá a sílẹ̀ ní February 14, 2022, ó di October 14 kí wọ́n tó padà. Àròpọ̀ ìyẹn jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́tàdínlógún. Ọmọ tó wọlé ní 2018 jókòó sílé fún gbogbo rẹ̀, kì í ṣe pé ó fìdí rẹmi.

Pólì, iṣẹ́ ọwọ́, àti ọjà wa

Nígbà mìíràn ọmọ ti rí ibi wọ̀, ojú ló ń ti ìyá láti dárúkọ rẹ̀. “Ó wà… ó wà ní pólì náà ni.” Kí ló dé tí ohùn ń rọlẹ̀? Yaba College of Technology ti wà láti 1947, ó fi ọdún kan ṣáájú Yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Pólì ti Ìbàdàn ti wà láti 1970. OND jẹ́ ọdún méjì, ọmọ á lọ fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, á padà wá ṣe HND fún ọdún méjì. Ẹni tí yunifásítì bá sì ń wù lẹ́yìn OND tàbí lẹ́yìn NCE ọlọ́dún mẹ́ta, tí èsì rẹ̀ bá dára, ó lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, a mọ ìyẹn. Ẹ dárúkọ ilé-ìwé ọmọ yín tán, kí ẹ gbé ohùn sókè.

Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ò fẹ́ lọ síbì kankan nísinsìnyí. Wọ́n fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ sólà, tàbí kí wọ́n máa tún fóònù ṣe. Ìyẹn náà ní ìdáhùn: “Ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mà. Tó bá gba frídọ̀ọ̀mù tán, á wò ó bóyá á tún padà sí ìwé.” Ẹ jẹ́ kó hàn pé ètò wà níbẹ̀. Ohun tí ẹbí ń bẹ̀rù ni ọmọ tó kàn jókòó, kì í ṣe ọmọ tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dun àwa gan-an, tí a kì í fi hàn. Wọ́n á bi ọmọ pé, “Àbí ọjà lo fẹ́ máa tà bíi ìyá ẹ?” Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, àpò gaàrí tí ẹ̀ ń jẹ, ọjà ló ti wá. Ìyá kan nílà ẹlẹ́ja ní, ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ níwájú òun, ọmọ òun ọkùnrin ló dáhùn, ó rọra ní, “Ìyá mi fi ọjà tà rán àwọn mẹ́ta níwèé sà. Tí mo bá lè ṣe ìdajì ẹ̀, ó tó mi.” Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀. Àwa ò kọ́ ọmọ náà ní ohun tó máa sọ, ìyá rẹ̀ náà kò kọ́ ọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó “mọ ẹnìkan”

Níbi tí a ti ń jẹun ọdún náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń wá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ kò tíì wọlé, ìbátan kan á sún mọ́ ìyá, á ní, “Má dààmú, mo mọ ẹnìkan níbẹ̀. Wá owó díẹ̀.” Ojú ti ń ti ìyá láti àárọ̀, inú rẹ̀ kò dùn, ọ̀rọ̀ yẹn á wọ̀ ọ́ lára bíi òróró. Ó di ọjọ́ kejì ọdún, ìyá ń pe olórí àjọ pé kí wọ́n kó tòun fún òun. Ẹnìkan nínú wa kó àjọ ọdún kan gbáko lé irú ìbátan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé ìgbàwọlé tí wọ́n gbé wá fún un ní òǹtẹ̀, ó ní orúkọ ọmọ, ó dà bí ojúlówó. Orúkọ ọmọ kò sí lórí CAPS. Ó ń tún owó àjọ dá lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ kó yé wa: gbígba ọmọ wọlé tí kò bá sí lórí CAPS, JAMB ò mọ̀ ọ́n, ọmọ tó bá sì gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò ní lè lọ sìnrú ìlú lẹ́yìn ìwé. Ọmọ yín lè wo CAPS fúnra rẹ̀ lórí fóònù. Owó ilé-ìwé, ilé-ìwé là ń san án fún, pẹ̀lú rìsíìtì, kì í ṣe àpò àbúrò ọkọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àìsí owó, ọ̀nà mìíràn wà. Ní April 3, 2024 ni Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-yíyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àjọ tó ń bójú tó o ni NELFUND. Ilé-ìwé ìjọba ni ó wà fún, kò ní èlé. Wọ́n á san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé, ọmọ tó bá béèrè fún owó ìgbọ́bùkátà náà lè gba ₦20,000 lóṣù. Ẹ̀yìn ọdún méjì tó bá ti parí ìsìnrú ìlú ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń kún fọ́ọ̀mù lórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́ ni, kò sí aṣojú kankan. Gbèsè ni, ẹ má gbàgbé, ṣùgbọ́n gbèsè tí kò lélé sàn ju ti àwọn tó ń yá wa lówó lọ́jà yìí lọ.

Àwa náà ń béèrè

Ó yẹ kí a fi eléyìí kún un, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Àǹtí tó ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn, àwa ni. Ìyá ńlá tó ń fi ọmọ wé ọmọ, àwa náà ni. Ẹni tí wọ́n bá bi ọmọ rẹ̀ lóòórọ̀, òun náà á ti máa bi ọmọ ẹlòmíràn tó bá di ìrọ̀lẹ́.

A ò ní kí ẹ má béèrè. Ẹ fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ kí i, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀ tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí ó jẹun. Ẹ má bi í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá di pé ẹ jọ ń fọ abọ́ tàbí ẹ jọ ń ká àga, ẹ lè ní, “Kí lò ń ṣe báyìí tó wù ẹ́?” Ìyẹn kò dà bíi “Máàkì mélòó lo gbà?” Ọmọ tí nǹkan dára fún á sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ ò ní fi ìfà fà á lẹ́nu. Ẹni tí kò dára fún á rí ibi gbé ọ̀rọ̀ lé.

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹ̀wà ní irú ìbéèrè kan tó máa ń bi àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: “Kí ni mo lè rà fún ẹ lórí ọ̀rọ̀ ìwé yìí?” Ọ̀kan ní dátà. Ọ̀kan ní kò sí nǹkan kan, mà, ẹ ṣeun. Ẹ̀kẹta, tó ti ń gbọ̀n láti àárọ̀ tí kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ní òun fẹ́ ìwé ìbéèrè àtijọ́ ti Ìṣirò, pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun ti ya. Nígbà tí ọjà ṣí lẹ́yìn ọdún, ó rà á, ó dì í sínú láílọ́ọ̀nù, ó fi rán awakọ̀ Ìlésà sí i.